Japhet Ta Póókà Lójú Àna

Obìnrin tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán, kó fẹ́ ọkùnrin tó mọ póókà. Sabina fẹ́ ọ̀kan. Japhet Adéjìmí lorúkọ rẹ̀, apẹja ni ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà. Bọ́mà ni àwọn ṣójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní eré káàdì náà, nígbà ogun Hítílà. Àwọn mìíràn gbé ọgbẹ́ bọ̀ láti ogun. Póókà ni Japhet gbé bọ̀.

Kì í fi owó ta á, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkarahun ìṣáwùrú ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ta á níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyẹn kò bí Sabina nínú. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló ń bí i nínú, nítorí Japhet gbà pé kò sí ohun tí ayé lè kọ́ èèyàn tí póókà kò tíì kọ́ òun.

"Kì í ṣe káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ń jẹ́ kí o jẹ," ni yóò máa wí fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í. "Ohun tí ẹnì kejì rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ ni. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ju káàdì tirẹ̀ sílẹ̀, o ti jẹ nìyẹn. Bí káàdì rẹ bá burú, ṣe bí ẹni pé káàdì ọba mẹ́rin lo dì mú. Má fi ojú sọ̀rọ̀."

Ó lè jẹ́ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n Sabina kò tíì rí ọjọ́ tí ọgbọ́n náà mú ẹja kún ọkọ̀. Lọ́jọ́ tó bí àbígbẹ̀yìn wọn, Japhet ṣe ojú bíi pákó débi pé agbẹ̀bí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ náà wà láàyè. Bí ọbẹ̀ bá dùn, kò ní sọ. Bí ó bá jóná, kò ní sọ.

"Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, bí mo bá sọ fún ọ, o ti rí káàdì mi nìyẹn."

"Káàdì wo? Ọbẹ̀ ni mo bi yín!"

Sabina ń fara dà á, títí Ọmọ́ṣaléwá, àkọ́bí wọn, fi rí ọkọ. Àjàlá ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́, káfíńtà tó ń gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní Igbóbì. Gbádégẹṣin, bàbá rẹ̀, jẹ́ télọ̀ ní Abúlé Òkúta, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ́ṣaléwá ti ní bí kì í bá ṣe Àjàlá, òun kò ní ọkọ fẹ́. Sabina sì mọ bí orí ọmọ rẹ̀ ṣe le tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó bẹ ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín lónìí."

"Ẹni tó bá tètè rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹpẹrẹ."

Àwọn ará Abúlé Òkúta dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, Gbádégẹṣin sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Ohun tó kù kí bàbá ìyàwó sọ kò ju pé kí wọ́n pe ọmọ náà jáde, kí wọ́n bi í. Japhet tẹjú mọ́ wọn bíi ògiri.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ó ní. "Ọmọ ìlú wa kan, tó ní ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì, ti tọrọ rẹ̀ ṣáájú yín."

Kò sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ohun tí Japhet ń retí ni kí wọ́n bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n fi kún ohun tí wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin kò ta póókà rí. Ó wo ojú Japhet, kò rí àwàdà níbẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, a ò mọ̀ ni. Àwa kì í tọrọ àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn."

Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ. Japhet kò mira.

"Wọ́n á padà," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń rò ó."

Sabina yọjú síta. Wọ́n ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. "Wọ́n ti ju káàdì sílẹ̀! Ẹ ti jẹ, Bàbá Ọmọ́ṣaléwá! Ẹ sọ fún mi, kí lẹ jẹ?" Nínú yàrá, ọmọ wọn bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, Sabina wọ́ ọ lọ sí Abúlé Òkúta. Gbádégẹṣin wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń bá oníbàárà kan wọn aṣọ.

"Irọ́ ni mo pa," ni Japhet wí. "Kò sí ọkùnrin kankan."

Gbádégẹṣin yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Bàbá Ọmọ́ṣaléwá, ojú yìí náà lẹ fi sọ lánàá pé ọkùnrin kan wà. Òun náà lẹ tún fi ń sọ pé kò sí. Èwo ni kí n gbà? Àbí ọkùnrin náà ló kọ ọmọ yín, tí ẹ wá ń wá ibi tí ẹ máa tì í sí?"

Japhet gbìyànjú láti ṣe ojú àánú. Ẹnu rẹ̀ yí díẹ̀, ìyókù dúró gbagidi.

"Japhet!"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbádégẹṣin. Láti ọjọ́ tí Sabina ti wọlé ọkọ, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí. Àwọn ọmọ ilé ọkọ pàápàá, orúkọ àpọ́nlé ló ń pè wọ́n.

"Japhet Adéjìmí! O fẹ́ ba ayé ọmọ mi jẹ́ nítorí káàdì! Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń wo ojú pákó yìí! Òpùrọ́! Aláìnítìjú!" Nígbà tí èébú tán nínú Yorùbá tí gbogbo wọn gbọ́, ó bọ́ sí ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ ti ìlú rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Oníbàárà fi aṣọ tí kò tíì parí bo ẹnu.

"Ó tó, Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, ó tó," ni Gbádégẹṣin wí. "Mo gbà."

"Kí lẹ gbà?"

"Pé kò sí ọkùnrin kankan. Ìyàwó kì í torí irọ́ pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú àna. A ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa sọ̀rọ̀."

Sabina kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìgbà tó dìde ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tì í, nítorí ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà yẹn á ti ròyìn rẹ̀ dé Ṣómólú.

Lójú ọ̀nà ilé, Japhet yíjú sí i.

"Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, ìwọ náà mọ póókà ta. Ìbínú tí o ṣe yẹn, díẹ̀ ló kù kí n gbà pé òótọ́ ni."

Sabina wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbá ìró rẹ̀ mú, ó sì yára ṣíwájú, kó má baà tún pe orúkọ náà lójú títì.