Rọ́ọ̀gì Pupa Abẹ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi

Òórùn rọ́ọ̀gì tuntun ló máa ń dá mi padà síbẹ̀. Ní ọjà Adjamé, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, níbi tí mo ti ta ẹní àti rọ́ọ̀gì títí irun mi fi funfun, bí oòrùn bá ti mú, òórùn gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì á máa ru, á dà pọ̀ mọ́ èéfín àwọn gbàká, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò. Ó máa ń dùn mọ́ mi nígbà náà. Nísinsìnyí, bó bá kàn mí nímú, ṣe ni mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn.

Ọkọ mi ti dàgbà kó tó ra mọ́tò. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ààfin ni. Ẹ mọ bí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí: ohun tí a bá fi òógùn rà, a kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ wọ mọ́tò náà, á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Èmi náà wá gé rọ́ọ̀gì pupa kan, èyí tó nípọn jù nínú ọjà mi, mo tẹ́ ẹ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọlọ́jà, ṣé o fẹ́ kí n máa sùn síbí ni?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a gbéra nílé wa ní Williamsville, à ń lọ sí àdúgbò Biétry lọ kí ọmọbìnrin wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ni ọmọ tuntun náà. Fíláàsì ẹ̀kọ mímu wà lórí itan mi. Ọkọ mi tẹ iná mọ́tò kó lè sáré ya gbàká kan sílẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò ò dákẹ́. Ṣe ló ń ké sí i.

"Iná ò sílẹ̀! Mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò sílẹ̀!"

Ó fi gbogbo ara tẹ bíréèkì, òórùn jíjó gba inú mọ́tò. Àwọn obìnrin tó ń ta àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe wà níwájú wa lẹ́bàá títì. Ó yí ọwọ́ mọ́tò sí ara ògiri.

Nígbà tí wọ́n ń fà á jáde ni mo rí i. Rọ́ọ̀gì mi ti sún síwájú, ó ti ká jọ, etí rẹ̀ ti gun orí irin tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fà á yọ, mo ká a sínú àpò mi. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Àwọn ọkùnrin tó wá kí wa jókòó, wọ́n ń wádìí ohun tó lè mú kí iná mọ́tò há. Ọ̀kan ní wáyà tó ń fa iná ló há sínú ọ̀pá rẹ̀. Èkejì ní sípíríìnì tó ń dá a padà ló ti rọ̀. Ẹnì kan ní ìdọ̀tí ni. Gbogbo ẹnu wá padà sórí mẹkáníìkì, ọmọ ìlú wa, tó pààrọ̀ wáyà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Màmá, mo dán wáyà yẹn wò títí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan kan nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Bàbá?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

"Kò sí nǹkan kan," mo ní.

"O ti gbọ́ àbí?" àbúrò ọkọ mi jágbe mọ́ ọn. "Dìde níwájú opó, apààyàn!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò fún un mọ́ nínú àwọn ènìyàn wa. Ó ta sípánà rẹ̀, ó padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ pé ó ti kú. Wọ́n ní títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í, ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ló máa ń ṣàlàyé fún un.

"Mémé, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?" ni ọmọ-ọmọ mi yìí ń bi mí. Kọ ọ́.

Ààfáà ní Ọlọ́run ń forí jì, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ ọmọ ènìyàn, àfi kí a lọ bẹ olúwa rẹ̀. Ta ni kí n lọ bẹ̀? Rọ́ọ̀gì náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi, òórùn gọ́ọ̀mù ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ní ti ọkọ mi, mo lè sọ pé Ọlọ́run ló gbà á. Ní ti mẹkáníìkì, èmi ni.