Páànù Opó àti Ẹsẹ Tí N Kò Kà

Ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkẹ̀rẹ́, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí n sì máa wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo ní ṣòkòtò péńpé tí sítáàṣì ti mú le gbagidi, mo sì ní ohùn ìwé kíkà tó ń dùn mọ́ èmi fúnra mi ju ẹnikẹ́ni lọ.

Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo ilé ìjọsìn wa, òjò sì ń jò sí àwọn àgbà lórí. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní kí n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mú nǹkan wá. Mo yan ìtàn opó tó sọ ẹyọ owó méjì sínú àpótí ìṣúra, tí Jésù ní ohun tó mú wá ju ti àwọn olówó lọ. Ibi tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú Bíbélì ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì dákẹ́ ní ẹsẹ kẹrin. Bí gbogbo wa ṣe ń ka Bíbélì nígbà náà nìyẹn, bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́ tí kò bìkítà fún gbòǹgbò. Mo wàásù débi pé orí èmi alára wú.

Opó kan wà nínú ìjọ. Ọkọ rẹ̀ ti mọ ògiri ilé oníyàrá mẹ́ta kalẹ̀ fún un, ó sì ti fi owó kòkó ra páànù sílẹ̀, àmọ́ ikú mú un kí wọ́n tó kàn án. Ìyá náà ti bá káfíńtà sọ ọ́ pé kó wá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìwàásù mi, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ru páànù náà wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo gbàdúrà lé e lórí, àdúrà náà sì gùn.

Òjò ọdún yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ògiri tí kò ní òrùlé rọ̀, ó sán, apá kan wó. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìyá náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èmùré, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, níbi tí ìyàwó ilé ti fún un ní igun yàrá kan tìkanra-tìkanra.

Ní ọdún kejì, mò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò tísà. Wọ́n ní kí a ka ìwé Ìhìnrere kan já, kí a má ṣe dúró níbi tí orí bá ti pin. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Kí opó yẹn tó yọjú rárá, ní ìparí orí tó ṣáájú, Jésù ń kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé òfin tí wọ́n ń gbàdúrà gígùn, tí wọ́n sì ń jẹ ilé àwọn opó. Bí ìtàn náà sì ti parí, tẹ́ńpìlì táwọn èèyàn ń yìn ni ó ní wọn yóò wó. Ojú tì mí. Mo ti rò pé Jésù kàn ń yin opó náà ni, kò sì yé mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹjọ́ opó náà ló ń rò.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Èmùré. Ìyá náà ń pa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó tì í, mo sì kà á fún un láti orí tó ṣáájú. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mi ò kà á pé lọ́jọ́ yẹn.”

Kò bínú. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán, ó béèrè pé, “Tísà, Jésù éè wí pé kí ọn dá a padà ún un?”

Mo wo ojú ìwé náà lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Mo sọ fún un pé ibi tí Jésù ti ní kí wọ́n dá owó opó náà padà fún un kò sí níbẹ̀. Ó mi orí, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo ní ẹnu nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, wọ́n sì máa ń gbọ́ tèmi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wàásù lábẹ́ páànù yẹn, n kò sì béèrè rẹ̀ padà fún ìyá náà lọ́wọ́ wọn rí.