Suliat Lórí Afárá

Suliat, aránṣọ ní Abúlé Òkúta, kì í kí àgbà lórí ìdúró. Kódà bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á kúnlẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní dìde àfi bí ìyá bá súre tán. Àwọn oníbàárà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá ò kúkú rí i. Èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ohùn ẹni tó wà lórí ìdúró yàtọ̀. Màmá á mọ̀."

Lọ́dún tó kọjá, Mùtíù ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, mú un dání lọ sí Ṣáínà. Nígbà tí wọ́n rajà tán, wọ́n lọ wo àfonífojì kan tó lẹ́wà gan-an. Àpáta ga lọ́tùn-ún lósì, odò ń ṣàn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi wáyà so afárá tóóró kọ́ láti àpáta kan sí èkejì. Béèyàn bá gbẹ́sẹ̀, afárá á mì.

Suliat ti dé àárín gbùngbùn nígbà tí fóònù dún. Ìyá ọkọ ni, láti Bàrígà. Ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kó dún títí. Suliat kọ́! Ó gbé e, ó sì kúnlẹ̀.

Afárá fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Àwọn tó wà níwájú figbe ta. Mùtíù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ mọ́ wáyà.

"Suliat, dìde! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Suliat fọwọ́ bo fóònù.

"Ẹ ṣe sùúrù. Màmá yín ṣì ń ṣàdúrà pé ẹsẹ̀ wa ò ní yẹ̀."