Oko Kajú Tí Bàbá Mi Fi Ra Mọ́tò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ̀, tí mò ń gbé igbá ẹ̀pà kiri, mo rí àgbàlagbà púpọ̀ tí ọgbọ́n orí wọn kò ju ti ewúrẹ́ lọ. Ìdí mọ́tò ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ti ọ̀kan.

Ìgbà ìjọba ológun ni. Rédíò ń pariwo pé kò sí olówó, kò sí tálákà mọ́, pé kámárádì ni gbogbo wa. Ọkùnrin kan wà tó ń ta àlòkù mọ́tò ní ẹsẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà Parakú. Kámárádì lòun náà, àmọ́ kámárádì tó ń wọ jígí dúdú nínú òjò. Mọ́tò mẹ́ta péré ló ní, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì ń gbé wọn sí, òkúta ńlá lábẹ́ táyà. Oníbàárà á dé, á fi ẹsẹ̀ ta táyà, á máa gbá ara mọ́tò bí ẹni ń yẹ iṣu wò, á ṣe "hùn-ún" bí ẹni tó mọ nǹkan. Ọlọ́jà á yọ òkúta, mọ́tò á yí wálẹ̀, á sì bú ramúramù. Gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kò béèrè ohun tó dé tí kì í gbé wọn sórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Èmi ẹlẹ́pà mọ̀. Mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ kò lè jí, òkè ní ń jí i. Mo sọ fún màmá mi, nítorí bàbá mi ti nífẹ̀ẹ́ bàṣé kan níbẹ̀, èyí tó láyè ẹrù lẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ máa fi kó iṣu láti Ofè. Ọlọ́jà kò fẹ́ owó. Oko kajú tí bàbá bàbá mi gbìn ló fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀.

Màmá mi kò jà. Wọ́n kàn ní, "Bàbá wọn, ewúrẹ́ tí a bá fẹ́ rà, ṣebí ilé wa ló ti ń jẹ ewé ká tó gbà á? Kí mọ́tò náà wá jẹ ewé."

Ni ọlọ́jà bá wa mọ́tò wọ agbolé wa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó bọ́ sílẹ̀, kò pa á. Mọ́tò ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

"Pa á, kí o wá jẹun," ni màmá mi wí.

"Ìyá, òyìnbó kì í pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtìjú ni."

"Ìtìjú ta ni?"

Ọlọ́jà jókòó. Màmá mi gbé odó sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, n kò rí iyán tó pẹ́ lódó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gún un, wọ́n sinmi, wọ́n tún bó iṣu mìíràn. Ọlọ́jà jẹ, ó mu ọtí sódàbì, ó ń làágùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mọ́tò. Nígbà tó yá, ẹ̀sáńsì, epo inú mọ́tò, tán. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Bàbá mi ra ìgò ẹ̀sáńsì kan dà sí i. Ọlọ́jà yí kọ́kọ́rọ́: kẹ́. Ó tún yí i: kẹ́.

"Bàbá wọn, ẹ ti rí i," ni màmá mi wí. "Oko yín ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ariwo mọ́tò ti kó gbogbo àdúgbò wá. "Onímọ́tò! Ẹ kú oríire o!" Bàbá mi wo èrò, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

"Ẹ bá mi tì í," ni wọ́n wí.

Ọkùnrin mẹ́fà tì í. Ó bú. Bàbá mi ń juwọ́ bí olórí ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni oko lọ.

Kò pé ọdún méjì tí adìẹ fi ń yé sínú mọ́tò náà. Tí ìgbà kajú bá dé, èmi àti màmá mi á lọ máa bá ọlọ́jà ṣa kajú nínú oko yẹn, a ti di alágbàṣe.

Lónìí, ilé onídíńgí ni wọ́n ti ń ta mọ́tò, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ọlọ́jà so táì, á fún yín lómi, á fún yín ní ìwé kí ẹ tọwọ́ bọ̀. Irọ́ ti lọ sílé ìwé. Ẹni tó ń rà ni kò lọ, ojú aládùúgbò ló ṣì fi ń rà á.

Àwọn ọmọ ọlọ́jà yẹn ló ni oko náà báyìí. Ọwọ́ wọn ni mo ti ń ra kajú tí mò ń tà. Mo máa ń ná an títí wọn á fi máa bẹ̀ mí, n kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.