Okùn Ìmọ́lẹ̀ Nínú Mátírẹ́ẹ̀sì Màmá Mongia

Radhia máa ń rọra ṣe nǹkan débi tí inú á fi bí ẹni tó ń wò ó. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń so okùn gíláàsì pọ̀ ní yàrá ìwádìí yunifásítì wa ní Monastir. Okùn náà ò ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá já, Radhia á fi ẹnu ibi tó ti já kan ara wọn nínú ẹ̀rọ kékeré kan, iná á kọ fìrí, ó ti padà di ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì ni èmi Saloua. Ẹ̀ka ìlera ló rán mi sọ́dọ̀ wọn, torí àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún un pé, "Radhia, tí wọ́n bá rán ẹ ní búrẹ́dì àárọ̀, alẹ́ la máa jẹ ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí Saloua, ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

Ohun tí à ń wá ò le. Tí a bá fi okùn yìí sínú mátírẹ́ẹ̀sì, tí èèyàn sùn lé e, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ni okùn á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á máa yí padà. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìlà ya èémí onítọ̀hún. Kò sí wáyà lára ẹni, kò sí ohun tó bo imú.

Ṣùgbọ́n torí ìyá rẹ̀ ni Radhia ṣe ń gba iṣẹ́ náà kanrí. Màmá Mongia, opó apẹja kan ní Mahdia létí òkun, máa ń dákẹ́ lójú oorun. Á máa hanrun lọ, á ṣàdédé dákẹ́, kò ní mí, Radhia á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòyì ti gbé màmá ṣubú lọ́dún yẹn. Dókítà ní kó wá sùn sí ọsibítù fún àyẹ̀wò kó tó di pé èémí náà lọ tí kò ní bọ̀ mọ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi kì í dákẹ́," ó dá Radhia lóhùn. "Ta ló rí mi? Ìwọ tí wọ́n lè gbé lọ tà lójú oorun?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó kàn ti àwo oúnjẹ kúsíkúsì àti ẹja síwájú mi. "Saloua ọmọ mi, jẹ ẹja."

Kó lè tẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ló ṣe fọwọ́ sí ìwé pé ká fi okùn sínú mátírẹ́ẹ̀sì òun. A tẹ́ ẹ gbọọrọ sí ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é sínú fóòmù ní yàrá ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìlà tí kò nítumọ̀ la rí. Irun àgùntàn ló wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì Mahdia, ó sì ń gbé èémí màmá mì.

Nígbà tó di oṣù keje, a dé ilé, a ò bá mátírẹ́ẹ̀sì. Màmá ti tú u, ó ti kó irun inú rẹ̀ lọ fọ̀ nínú òkun bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Okùn wa wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá nǹkan sí, ó ti já sí mẹ́ta.

"Mo gbàgbé," màmá ní.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo bọ́ síta kí n má baà sọ ìsọkúsọ sí àgbà. Nígbà tí mo padà, Radhia ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń so okùn náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló dun màmá.

Ọjọ́ tí irun gbẹ, tí wọ́n ń kó o padà sínú aṣọ, màmá na ọwọ́. "Ẹ mú un wá. Ta ló ní kí ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀? Irun àgùntàn máa ń rìn. Abẹ́ aṣọ tó wà lókè ni wọ́n ń gán nǹkan mọ́, kó máa lọ ní kọ́lọkọ̀lọ."

"Màmá, ẹ rọra, kó má kán."

"Mo ti ń rán mátírẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó já ọ̀gá yín lẹ́nu ọmú."

Òun fúnra rẹ̀ ló gán okùn náà mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màmá lọ sùn lé e. Wọ́n ti fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ òkun ń yọ́ gba àlàfo pákó wọlé, ó ń mì lára ògiri. Òórùn iyọ̀ gba gbogbo ilé. Èmi àti Radhia jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà dìde, ó rọra wálẹ̀, ó tún dìde, bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ó dùn ún wò débi pé mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi náà ti sùn, pé gbogbo Mahdia ló ń mí pa pọ̀.

Ìlà náà bá dúró.

Ó lọ gbọọrọ. Ètè Radhia ń mì, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, mo ti dìde. Lórí ọ̀kànlélọ́gbọ̀n, màmá fa èémí gùùrù, ìlà sì gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló ṣẹlẹ̀ nínú oorun ọ̀sán kan yẹn.

Nígbà tí màmá jí, tó ń mu kọfí, Radhia gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin rèé, Màmá."

Ó fi ìka tọ ìlà náà bí ẹni tó ń tọ ojú abẹ́rẹ́, títí ó fi dé ibi tó lọ gbọọrọ. "Kí ni mo ń ṣe níbí?"

"Ẹ ò mí, Màmá."

Màmá ò gbé ìka kúrò.

"Hédi," ó ní. Ọkọ rẹ̀ nìyẹn, tó ti kú láti ọdún mẹ́ta. "Ogójì ọdún ló fi ń fẹsẹ̀ ta mí jí. Tí mo bá ń bínú, á ní, 'O gbàgbé láti mí ni.' Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, mo lé e lọ sùn sí yàrá kejì. Á máa wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ kí n sùn."

Radhia gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá fúnra rẹ̀ ló di ẹrù ọsibítù. Kó tó wọ mọ́tò, ó yíjú sí mi. "Ìwé ìwádìí tí ẹ fẹ́ kọ yẹn, ẹ kọ orúkọ Hédi sí i. Òun ló kọ́kọ́ rí i."

A kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá wa dé ibi orúkọ náà, ó béèrè pé yunifásítì wo ni onítọ̀hún wà.

"Apẹja ni, ní Mahdia," Radhia ní. "Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí."