Pupa Tí Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Èmi ni mo dá ìdíje náà sílẹ̀, mi ò sì ní í fi iyì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ní Adja-Ouèrè, ìlú wa, ń sọ kiri pé ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin, tó ń tún pọ́tábù, ìyẹn fóònù alágbèéká, ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìránṣọ mi, ló ronú kàn án. Irọ́ ni. Òun ló ra ẹ̀pà tí a jọ jẹ lọ́jọ́ tí a ń gbèrò rẹ̀. Ìyẹn ni mo lè jẹ́rìí sí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Rédíò kan máa ń ṣe eré kan fún wa lédè Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìkòkò bá wà lórí iná. Ọkùnrin kan wà nínú eré náà tó ní ìyàwó méjì, ìyá rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Àtọlọ́jà àtàgbẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n kàn dá a dúró láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ibi tí wọ́n sì dá a dúró sí ló burú jù: ìyálé dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá yóò lọ tàbí yóò yí padà wọlé. Inú bí mi gan-an. Kí lèèyàn ṣe sí wọn tí wọ́n fi obìnrin sílẹ̀ níbi tí oòrùn ń pa á? Mo bá kó àwa tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn jọ sínú gúrúùpù kan lórí pọ́tábù, mo ní kí ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ìyálé ṣe parí kó wá kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà gbogbo wọn ló kọ ọ́.

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ kò dára. Ọkọ á bẹ̀ ẹ́, ìyàwó kékeré á kúnlẹ̀, wọ́n á pa ewúrẹ́, gbogbo ilé á yọ̀. Ọ̀kan wá láti abúlé Kpoulou, èkejì láti àárín ọjà, èyí tó tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi alùpùpù zémíjàn gbé èrò, ewúrẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pa. Mo kà á títí ó fi sú mi. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé a gbọ́dọ̀ fún àwọn èèyàn yìí ní ohun kan tí wọ́n máa dì mú, kí ọwọ́ wọn má baà máa wá ewúrẹ́ kiri.

Aṣọ ni mo ń rán, àwọ̀ ló sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá fún mi láti rán, kó tó lanu ni àwọ̀ aṣọ náà ti máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo mọ aṣọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mo mọ ti ẹni tó ń fẹ́ kí ọkọ òun tún wo òun. Nítorí náà mo gbé òfin kalẹ̀: olúkúlùkù máa gba àwọ̀ kan, yóò fi kọ ìtàn nípa àwọn èèyàn inú eré náà, àwọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí a bá lè yọ ọ́ kúrò tí ìtàn náà ṣì dúró, ẹni tó kọ ọ́ ti pàdánù.

Àwọ̀ méje ni mo kọ́kọ́ kọ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé lédè Faransé. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kan láti Kpoulou ní òun ò gba àwọ̀ ewé ní ọ̀tọ̀, pé bí àgbàdo bá ṣe dáadáa lóko, ṣé dúdú kọ́ là ń pè é? Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kí a yọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kúrò, pupa ni, àbí kí ló pọ́n sí? Ẹlòmíràn gbé àwọ̀ ojú ọ̀run lọ sọ́dọ̀ aró, aró sì di dúdú. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí a máa bá wọn jiyàn, ó fẹ́ràn iyàn, ìyá rẹ̀ bí i sínú rẹ̀ ni. Mo ní rárá. Mo pa mẹ́rin rẹ́, ó ku mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jà lé lórí: funfun, dúdú àti pupa.

Ó kù bí a ṣe máa pín in. Ọ̀rẹ́ mi ní kí kálukú mú èyí tó wù ú. Ènìyàn rere ni, ìdí rèé tí kò fi mọ ènìyàn. Bí a bá ní kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, gbogbo wọn ló máa mú funfun, nítorí pé ó rọrùn, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ kí á rí òun bí ẹni rere. Mo gé òwú aláwọ̀ mẹ́ta náà wẹ́wẹ́, mo kó o sínú àpò kan tí mo fi àjákù aṣọ rán, a ní kí àwọn tó wà nítòsí wá fa tiwọn láìwo inú rẹ̀. Àwọn tó jìnnà, ọ̀rẹ́ mi fà á lórúkọ wọn, mo sì ń fi pọ́tábù ya fídíò rẹ̀ kí wọ́n má baà ní a rẹ́ wọn jẹ. Mo wá fi òfin ìkẹyìn lé e: àwọ̀ tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni tìrẹ, a kì í pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá ní òun ò gba tirẹ̀, kó kúrò láàárín wa. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ní mo ti wò ó.

Pupa ló bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan láti Tatonnonkon.

Nínú gbogbo wa, òun ló mọ̀ ọ́n kọ jù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní apá Nàìjíríà, kì í fi bẹ́ẹ̀ wálé, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé. Oko ló máa ń wà látàárọ̀, yóò wá rìn jáde sẹ́bàá títì kí pọ́tábù rẹ̀ tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ohun tó bá kọ kì í gùn, ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán mo máa ń gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fi pa mọ́. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gba pupa. Ilé òrìṣà funfun ni mo wà."

Mo mọ ilé náà. Gbogbo ilẹ̀ wa ni ọ̀pẹ, epo là ń fọ̀, epo là ń tà, ṣùgbọ́n epo kì í wọ ilé tiwọn, aṣọ pupa kò sì gbọdọ̀ gorí okùn níbẹ̀. Òrí ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń bọ òrìṣà náà. Ìyá yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdíje, ó sì ti sọ pé bó bá jẹ́ pupa ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀, kí ìyàwó ọmọ òun jáde kúrò nínú gúrúùpù náà.

Gbogbo èèyàn wá kọjú sí mi. Wọ́n ní kí n fún un ní funfun, ṣebí funfun ni tilé wọn. Bí mo bá sì fún un, ọ̀gá zémíjàn tó fa dúdú, tó ti ń ráhùn láti àná, á ní kí n pààrọ̀ tòun náà, nígbà tó bá di ọ̀la ewúrẹ́ á tún padà. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí a fagi lé ìdíje náà pátápátá. Mo dá a lóhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá lọ, ìyókù wa kò ju aláwítúnwí lọ. Òfin mi kò ní í yí, òun náà kò ní í lọ: mo fẹ́ méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ilé ìránṣọ, mo gun zémíjàn, ó di Tatonnonkon. Aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run ni mo wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi béèrè bóyá dúdú nìyẹn.

Ìdì ẹyìn ọ̀pẹ tí wọ́n kó jọ wà lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ àtíbàbà tó jìnnà sílé, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń bá wọn fọ epo rẹ̀. Ìyá náà jókòó sínú ilé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bu omi fún mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo wá rojọ́ mi. Ẹnu mi dá ṣáká, mo ti ń ro ó láti Adja-Ouèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe epo, pupa inú ìtàn kò lè ta sí ẹnikẹ́ni lára.

Ìyá náà mú òkúta kékeré kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. Ó ní, "Ohun tí a bá sọ nínú ilé, inú ilé náà ló wà."

Mo bá a ṣa òkúta kan nínú ẹ̀wà náà. Òun náà ló tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó béèrè pé ṣé obìnrin inú rédíò yẹn là ń jà lé lórí, obìnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní òun ni. Ó ní òun gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ọjọ́ tí òun kò gbọ́ ọ, àti pé lójú tòun, ó yẹ kí ìyálé yẹn gbẹ́rù rẹ̀ wọlé ni, nítorí ta ni yóò máa pọn omi fún ìyá ọkọ rẹ̀? A sọ̀rọ̀ náà títí. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn ó ní bí ìyàwó òun bá máa fi pupa kọ ìtàn, kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n pupa náà kò gbọdọ̀ wọlé. Kó dúró síta. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣe inú ilé.

Ẹ ò rí i pé mo borí? Òfin mi dúró ṣinṣin, èèwọ̀ ilé wọn dúró, obìnrin mi ṣì wà nínú ìdíje. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, tí màá sì fi kún un díẹ̀, nígbà tí ìyàwó náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun ti kọ ọ́ ná. Láti ọjọ́ tí a ti fa òwú lòun ti kọ ọ́, òun kàn ń bẹ̀rù àtifi ránṣẹ́ ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àtẹ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó kà á níbẹ̀.

Ó kà á nínú pọ́tábù rẹ̀. Nínú ìtàn náà, ilé ọkọ ìyálé jẹ́ ilé tí pupa kì í wọ̀. Ìyálé sì wọ aṣọ pupa tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, aṣọ náà nìkan ni ohun tó ní tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde sí i, ó fa aṣọ funfun kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó bọ́ tọrùn rẹ̀, kó sì wọlé. Obìnrin náà tẹ́wọ́ gba aṣọ funfun, ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún ìyá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ó gbẹ́rù rẹ̀, ó sì lọ. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo pupa yẹn bí ó ṣe ń kéré sí i láàárín àwọn ọ̀pẹ, títí kò fi rí i mọ́.

Nígbà tó kà á tán, ìyá náà kò ṣa ẹ̀wà mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àtẹ, kò gbé e. Mo wo ojú rẹ̀, ọkàn mi bàjẹ́, mo sì wá mọ̀ pé kì í ṣe pupa ló ń bà á lẹ́rù látìgbà tí mo ti dé. Ọmọ rẹ̀ kì í wálé. Obìnrin yìí nìkan ló ń pọn omi fún un, òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀, òun sì ni ẹni tó máa ń rìn jáde sẹ́bàá títì pẹ̀lú pọ́tábù lọ́wọ́, tí ìyá kò mọ ohun tó ń sọ níbẹ̀ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún.

Ìyá náà ní, "Ṣé ìwọ náà ń lọ ni?"

"Bí mo bá ń lọ, Ìyá, mi ò ní í kà á fún yín."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà padà, díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Tún un kà. Ṣùgbọ́n fún ìyálé yẹn lóúnjẹ kó tó lọ."

Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti dá aṣọ funfun padà, ó dúró, ó gbójú sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí ni kí àwọn sè fún ìyálé náà.