Ìyàwó Tí Wọ́n Fẹ́ fún Akóredé

Bí ẹ bá ń wá ìjà Zubaidah, ẹ sọ̀rọ̀ Ọmọ́wùnmí láìdáa. Ọmọ́wùnmí yìí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Zubaidah láyé. Ọmọ ilẹ̀ Ìbàdàn ni, aránṣọ ńlá, dìsáínà tí àwọn olówó ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ l'Ékòó. Àwòrán aṣọ rẹ̀ ló kún inú fóònù Zubaidah. Bí Zubaidah bá gé aṣọ tó dáa, á ní bí Ọmọ́wùnmí ṣe ń gé e nìyẹn. Bí aṣọ náà bá bàjẹ́, a jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì ni kò mú.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni Zubaidah wà, ẹ̀kọ́ nípa aṣọ àti ìtọ́jú ilé ló ń kọ́, láti Ìyànà Ọ̀fà ló sì ti ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Mojí, ní kí kálukú lọ ka ìtàn ìgbésí ayé dìsáínà kan tó fẹ́ràn, kó sì kọ èrò ọkàn rẹ̀ wá, ẹ̀rín ni Zubaidah rín. Kí ló tún kù nípa Ọmọ́wùnmí tí òun ò mọ̀?

Àṣé ó ku púpọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ló rí kà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú kíláàsì. Ọmọ́wùnmí ní tíṣà ni bàbá òun, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ògógóró ti gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ẹbí gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pin, wọ́n ní ìyàwó ni kò ní. Bó bá lẹ́ni tó ń dúró dè é nílé, á jókòó. Wọ́n bá lọ fẹ́ ọmọbìnrin kan fún un láti abúlé tó jìnnà.

"Ọmọbìnrin yẹn ni ìyá mi," Ọmọ́wùnmí wí. "Ìyá mi ni oògùn tí wọ́n lò fún bàbá mi. Oògùn náà ò ṣiṣẹ́."

Wọ́n bi í pé kí ló ṣe láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan ṣe. Ó ní òun kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ tó dáa, kí ìyá òun lè rí nǹkan wọ̀ jáde, kí ojú má baà tì í.

Zubaidah kà á tán, ó tún un kà. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́, nítorí lákòókò yẹn gan-an ni ìyá tirẹ̀ ń wá ìyàwó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Akóredé ni ẹ̀gbọ́n náà ń jẹ́. Kó tó di ohun tó dà, ọmọ gidi ni. Nígbà tí bàbá wọn, Jùbrílù, kú, òun ló ń bá wọn ṣe búlọ́ọ̀kù kí Zubaidah lè parí ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá fún un ní tíràmádọ́ọ̀lù, oògùn ara ríro. Ara fúyẹ́. Ó ṣiṣẹ́ bí ẹni méjì, ìyá wọn, Hàjàrá, sì ń ṣàdúrà pé agbára rẹ̀ ò ní dínkù. Nígbà tó yá, kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá lò ó. Nígbà tó tún yá, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó ṣì ń lò ó. Ó gba ọ̀kadà gùn, ó sùn lọ lórí rẹ̀, òun àti ará àdúgbò kan tó gbé bọ́ sí kòtò, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Bó bá ti lò ó, á dákẹ́, á máa họra, ojú rẹ̀ á máa pa dé. Bí kò bá rí i lò, á máa gbọ̀n, á máa làágùn, á máa bẹ gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà á búra pé òun ò ní fẹnu kàn án mọ́. Tọkàntọkàn ló fi ń búra, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Zubaidah jù.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n sọ òótọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tó ti sọ fún un, tó ti bẹ̀ ẹ́, tó ti sunkún sí i lára, tí kòkòrò ọ̀hún ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Zubaidah ka ìtàn yẹn, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí pákí tó ń bó, ó sì ka ohun tí Ọmọ́wùnmí sọ fún un. Hàjàrá gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ọtí nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò mutí. Kò fẹnu kan ọtí rí, Alihamudulilahi."

"Màmá, ọ̀kan náà ni."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ọkùnrin tí ò níyàwó, kí ló fẹ́ mú un dúró sílé? Tó bá rí ọmọ tiẹ̀, ojú ẹ̀ á wálẹ̀." Ó ju pákí ọwọ́ rẹ̀ sínú omi. "Kí lo wá ní kí n ṣe? Sọ ọ́. Ìwọ tó o kàwé, kí ni kí n ṣe tí mi ò tíì ṣe?"

Zubaidah mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá a bó pákí. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà ò mọ ohun tí ǹ bá ní kó ṣe.

Wọn ò wá ìyàwó náà nítòsí, wọn ò kúkú ya wèrè. Akínyẹlé ni wọ́n ti rí Kifayah, ọmọ àgbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ Akóredé. Àwọn ẹbí ọmọ náà ò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá ṣèwádìí ní Ìyànà Ọ̀fà, bí ìṣe wa. Gbogbo ẹni tí obìnrin yẹn bi ló ní ọmọ dáadáa ni Akóredé, ọmọ tó tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ bọ́ sí kòtò gan-an ní kò sóhun tó ṣe é! Ta ló fẹ́ kí wọ́n ní òun ló ba ìgbéyàwó ọmọ aládùúgbò jẹ́? Gbogbo wa la mọ irú inú rere yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti sìn dé ilé ọkọ.

Zubaidah ni wọ́n ní kó rán aṣọ ìyàwó. Nígbà tí Kifayah wá kí Zubaidah lè wọ̀n ọ́n, ó kúnlẹ̀ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, nítorí ọkọ ni gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé. Ó ti fún un lórúkọ pàápàá, Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é. Ọmọ tí ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni. Zubaidah fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀.

Ó ti pinnu pé òun á sọ. Bó ti ń fi téèpù wọn èjìká ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọmọ́wùnmí, ó sọ ti bàbá ọlọ́tí, ó sọ ti ọmọbìnrin tí wọ́n lọ fẹ́ lọ́nà jíjìn. Omi lé ròrò sójú Kifayah.

"Yéè! Ìdílẹ̀kẹ̀, wọ́n wá ń wo ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un ni?"

Zubaidah la ẹnu. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Ó rántí Akóredé bó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn nítorí owó ìwé òun. Ó rántí ìyá rẹ̀ nídìí pákí. Ẹnu ọ̀hún pa dé.

"Bóyá kò sí," ó ní. "Gbápá sókè, jẹ́ kí n wọn àyà rẹ."

Ó kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn. Ó kọ ọ́ pé òun ti rò pé nítorí aṣọ lòun ṣe fẹ́ràn Ọmọ́wùnmí, ṣùgbọ́n pé nísinsìnyí òun ò lè wo aṣọ náà kí òun má rí ìyá tí wọ́n kọ́kọ́ rán an fún. Ó kọ ọ́ pé òun wá gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin náà káàkiri bóyá òun á rí ohun tí èèyàn lè ṣe, òun ò rí i, ó sì ń ba òun lẹ́rù pé òun pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ìyáàfin Mojí fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí ti pọ̀ jù, kó fi kún àlàyé aṣọ. Zubaidah fi kún un.

Ọjọ́ yìgì pé. Ilé bàbá Kifayah ní Akínyẹlé ni wọ́n ti fẹ́ so ó, wọ́n sì fún ẹbí ọkọ ní yàrá kan kí wọ́n fi sinmi de àáfà. Akóredé ti búra fún ìyá rẹ̀ lánàá pé òun ò ní lo nǹkan kan títí wọn ó fi so yìgì, kò sì lò ó lóòótọ́. Ní báyìí ó jókòó sórí ẹní nínú agbádá funfun, ó ń gbọ̀n. Òógùn ti ba ọrùn agbádá náà jẹ́. Níta, wọ́n ti ń ké pé àáfà dé.

Hàjàrá wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú hóró oògùn jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá láti ilé.

"Fún un," ó sọ fún Zubaidah, "kó má dójú tì wá níwájú àna."

Wọ́n ń pè é níta. Ó fi oògùn náà sí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò fẹ́ lò ó lónìí," Akóredé wí. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Zubaidah, jọ̀ọ́, má fún mi. Jẹ́ kí n fi ojú tó mọ́ fẹ́ ẹ."

Ó ń sunkún bó ti ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Zubaidah ò mọ èyí tí òun ì bá gbọ́ nínú ẹnu àti ọwọ́. Ó ń gbọ́ ohùn àáfà níta, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ láàárín àwọn àna. Ó fi oògùn náà sí i lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Kifayah yọjú, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun mú etí aṣọ tó tú. Aṣọ náà bá a mu gan-an. Ó rí òógùn ọrùn ọkọ rẹ̀, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, kí lẹ fún wọn?"

"Oògùn orí fífọ́ ni."

"Háà, láìfomi sí i?" Kifayah sáré jáde, ó bu omi wá. Ó kúnlẹ̀ síwájú Akóredé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà sí i lẹ́nu. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ń wí. "Ẹ rọra gbé e mì. Ara yín á yá."